Ohun tí Oògùn Olu ń Ṣe Nínú Ilẹ̀ Ẹ̀fọ́

Nínú àkùrọ̀ etí odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata àti tòmátì lẹ́ẹ̀rùn, ewé ni àgbẹ̀ ń wò nígbà tó bá ń fín oògùn olu, ìyẹn oògùn tó ń pa àwọn olu kéékèèké tó ń fa àrùn ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oògùn náà ni ewé ń gbà dúró. Apá kan ń kán sílẹ̀, omi ìbomirin sì ń fọ̀ ọ́ wọnú erùpẹ̀, níbi tí baktéríà inú ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo ti lè pọ̀ ju ènìyàn tó wà láyé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lárinrin jù ni ebè tí wọ́n ti ń hu ọmọ tòmátì. Ọmọ tòmátì tó dúró ṣánṣán lálẹ́ àná lè dojú bolẹ̀ láàárọ̀, tí ìdí rẹ̀, níbi tó ti kan erùpẹ̀, á ti tín-ínrín bí òwú tí á sì ti dúdú. Carbendazim, ọ̀kan nínú àwọn oògùn olu, ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ omi dà sí irú ebè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń fa àrùn yìí ni Pythium, tó jọ olu lójú ṣùgbọ́n tí kì í ṣe olu tòótọ́, carbendazim kò sì rí i gbé ṣe. Trichoderma ni oògùn náà ń pa dípò rẹ̀: olu ọdẹ inú ilẹ̀, tó ń lọ́ mọ́ olu mìíràn lára, tó ń yọ́ èèpo rẹ̀, tó sì ń jẹ ẹ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá lé gbogbo ọlọ́dẹ àti oníṣòwò kúrò lọ́jà Láfẹ́nwá nítorí olè: olè tí àṣẹ náà kò bá ni yóò máa tú ìsọ̀ kiri láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ ra oògùn lè tipa bẹ́ẹ̀ le sí i.

Nígbà mìíràn, ewé tilẹ̀ máa ń dúdú minimini lẹ́yìn oògùn, tí wọ́n á sì ní oògùn náà bọ́ ọ̀gbìn. Òkú olu ni baktéríà ń jẹ tí naitrójìn, oúnjẹ ọ̀gbìn, fi ń tú jáde, kò sì ní pẹ́ tán.

Àdánù tó pẹ́ jù wà lára gbòǹgbò. Àwọn olu kan ń na okùn wọn jìnnà sínú erùpẹ̀ láti bá tòmátì àti ata wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí í ṣe oúnjẹ ọ̀gbìn mìíràn, tí ọ̀gbìn náà á sì fi ṣúgà san án fún wọn. Carbendazim ń dí wọn lọ́wọ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í sábà bá wọn dòwò pọ̀ ní tirẹ̀, nítorí náà oògùn kan náà lè ṣe ata níṣẹ́ kí ó má ṣe tẹ̀tẹ̀ ní nǹkan kan.

Èrò tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun tó bá ti ara ewé wá kò lè pa ilẹ̀ lára. Èròjà thymol tó wà nínú efinrin ń pa olu, kì í sì í béèrè èyí tó dára nínú wọn. Dóńgóyárò pẹ̀lú ń dá àwọn baktéríà tó ń sọ amóníà di náítíréètì dúró, ó sì ṣe é débi pé láti ọdún 2015 ni ìjọba Íńdíà ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi òróró rẹ̀ bo gbogbo ajílẹ̀ yúríà tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀, kí naitrójìn má baà tètè ṣòfò. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n agbára lórí ilẹ̀ náà ni. Oore tó wà lára dóńgóyárò ni pé oòrùn àti baktéríà ń tètè tú u ká. Iye ọjọ́ tí oògùn yóò sùn nínú ilẹ̀, àti irú ẹni tí yóò bá jà níbẹ̀, ló yẹ ká máa wádìí.

Bàbà, tí wọ́n ń fi ṣe àwọn oògùn olu kan, ló fi èyí hàn jù. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà sì gbà á láyè, ṣùgbọ́n kò sí baktéríà tó lè tú u ká. Èyí tí wọ́n fín lọ́dún yìí ń bá ti èṣí nínú erùpẹ̀. Níbi tó bá ti pọ̀ jù, ekòló ń sá, ewé tó wọ́ sílẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó jẹrà.