Tírélà Kékeré Tòkúnbọ̀: Rírà Rẹ̀ àti Títún Un Ṣe fún Ọ̀nà Oko

Tírélà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọbàjánà. Èyí tí Hilux tàbí Prado ń fà ni: ẹsẹ̀ méjì, àpótí irin lórí, ọ̀pá kan níwájú tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ará Àbújá tó ní oko ní Kuje, Kwali tàbí Abaji ń fi í gbé jẹnẹrétọ̀, ajílẹ̀ àti táǹkì omi. Àwọn tó ń lọ pàgọ́ ní Yankari tàbí Kainji náà ń wá a. Wẹ́dà lè rọ tuntun, ṣùgbọ́n ákísù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) àti sípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ rọ ṣòroó fara wé ní ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ ra tòkúnbọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ tírélà, ìyẹn ákísù, sípíríǹgì àti ṣaasí (egungun irin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró), lèèyàn ń ná owó lé. Àpótí, ìdérí, ibi tí kẹ́ẹ̀gì yóò jókòó sí, gbogbo ìyẹn, wẹ́dà Kugbo tàbí ti Panteka ní Kàdúná á bá ẹni rọ ọ́ láìlàágùn. Ṣaasí tó ti kán kò ṣeé fi ọ̀dà wò sàn.

Nítorí náà, tírélà tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin lẹ́bàá títì, ńṣe ló yẹ kó mú ẹni tó fẹ́ rà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀pá iwájú ti pàdé ṣaasí ni kó kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìfà àti ìdádúró ń já sí. Bí ojú wẹ́dìn ibẹ̀ bá rí wúruwùru, tó nípọn ju ti ibòmíràn lọ, ó ti kán rí, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ ni. Kó mú òòlù kékeré, kó máa fi kan irin náà lọ díẹ̀díẹ̀. Irin tó le á dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún pọ̀pọ̀, ọ̀dà á sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ti gbé ọkọ̀ ojú omi rí, àti èyí tó wá láti ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, inú páìpù wọn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìta lè mọ́ fún ọdún mélòó kan kí àṣírí tó tú.

Ó kan ẹsẹ̀. “Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé jáàkì wá.” Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà òun sókè ti dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè láìlanu. Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan di òkè rẹ̀ mú, wọ́n á fi ìkejì di ìsàlẹ̀, wọ́n á mì í. Bó bá ń yẹ̀, ìdè bíárìn, ìyẹn òrùka irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí, ti dẹ̀, tàbí bíárìn fúnra rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n á yí i, wọ́n á tẹ́tí: bó bá ń kùn, omi tàbí yanrìn ti wọ gíríìsì. Ìyẹn kò tó ohun tí wọ́n fi ń kọ ọjà, torí bíárìn wà ní Apo, ó wà ní Zuba. Ákísù tó ti tẹ̀ lọ̀ràn. Téèpù lásán ló ń tú u fó: kí wọ́n wọn àlàfo táyà méjèèjì níwájú, kí wọ́n tún wọn ọ́n lẹ́yìn, ní gíga kan náà. Bí iye méjèèjì bá jìnnà síra, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí láé.

Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tí DOT bẹ̀rẹ̀. 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tírélà tó ti jókòó sóòrùn pẹ́ lè nípọn lójú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán. Ó dáa kí wọ́n ti ka owó táyà tuntun mọ́ iye tí wọ́n ń ná.

Ìlú tí tírélà ti wá náà ní ohun tó ń fà. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tí orí tírélà Yúróòpù ń jókòó lé jẹ́ mílímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínǹṣì 2, ìyẹn mílímítà 50.8, àwọn kékeré kan sì ń lo 47.6. Bí wọ́n bá gbé orí tírélà onínǹṣì 2 ka bọ́ọ̀lù 50, ó máa wọlé, ó sì máa dà bíi pé ó ti tì. Àlàfo kékeré yẹn ló ń lu ara rẹ̀ nínú kòtò títí tí orí náà á fi fò yọ. Kí wọ́n ra bọ́ọ̀lù tó bá a mu; owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iná rí. Tírélà Amẹ́ríkà tí ojú wáyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, wáyà kan náà ló ń tan bíréèkì àti tíráfíkétọ̀. Ti Yúróòpù onójú méje ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ti ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí ti tírélà, àfi kí riwáyà fi ẹ̀rọ kékeré kan sáàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń dúró ni àbí ó fẹ́ yà.

Bíréèkì ńkọ́? Yúróòpù àti Ọsirélíà kò gbà kí tírélà tó bá ju kílò 750 lọ, ara rẹ̀ àti ẹrù, máa rìn láìní bíréèkì. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gun òkè Mambilla pẹ̀lú ẹrù fi ìwọ̀n yẹn sọ́kàn, torí ibi tó gùn náà ló máa sọ̀ padà. Bíréèkì tírélà Yúróòpù máa ń mú fúnra rẹ̀ nígbà tí tírélà bá ń ti ọkọ̀ látẹ̀yìn. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo iná, ó sì ń fẹ́ àpótí ìdarí lọ́dọ̀ awakọ̀. Bí àpótí yẹn kò bá sí, bíréèkì tí wọ́n sanwó rẹ̀ kò wúlò.

Ní ti ìwé, kí wọ́n gba rìsíìtì àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí nọ́ńbà inú ìwé sì bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin mu. FRSC àti VIO wà lójú títì.

Ìsàlẹ̀ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn á béèrè ibòmíràn. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú táyà jíìpù gan-an ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi sẹ́sẹ̀ tírélà tí jíìpù wọn ń fà, kí táyà àpọ̀jù kan lè ran méjèèjì lọ́wọ́. Ọgbọ́n náà ṣì múná. Hilux àti Prado ní nọ́ọ̀tì mẹ́fà tí òbìrí wọn fẹ̀ tó mílímítà 139.7; tírélà kékeré Amẹ́ríkà sábà máa ń ní márùn-ún lórí 114.3. Kí ti tírélà lè bá ti ọkọ̀ mu, họ́ọ̀bù, ìyẹn orí ákísù tí wọ́n ń de táyà mọ́, ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ó wá kan gíga. Lára ọ̀pọ̀ tírélà, sípíríǹgì wà lábẹ́ ákísù. Bí wọ́n bá gbé e wá sórí ákísù, gíga tó máa fi kún un jẹ́ ìnípọn ákísù pẹ̀lú ti sípíríǹgì. Àwọn wẹ́dà kan máa ń dojú ákísù délẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Kò dáa. Ọ̀pọ̀ ákísù ní ìtẹ̀ díẹ̀ sókè láàárín tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe; bó bá dojú kọlẹ̀, táyà á dagun. Ìjókòó sípíríǹgì tuntun ni kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì sí òkè rẹ̀. Bí ara tírélà bá sì ti ga báyìí, orí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ga kó lè dúró gbọọrọ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀pá iwájú tó gùn ń jẹ́ kí rífáàsì rọrùn, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn Hilux á sì lè ṣí láìgbá a. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gùn tó ló ń fẹ́ irin tó nípọn tó. Kí ojú wẹ́dìn máa bá gígùn irin lọ, kó má dábùú rẹ̀, torí ìdábùú ni ìlà tí yóò ti kán. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, wọ́n gbọ́dọ̀ fi gíráíńdà ha síńkì náà kúrò lójú ibi tí wọ́n fẹ́ jó. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà sára wẹ́dà, mílíìkì tí wọ́n ń mu kò sì dí i lọ́wọ́.

Eruku ló ń yọ àwọn ará òkè Ọya lẹ́nu jù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Wọ́n á fi rọ́bà dí ẹnu ìdérí, eruku á ṣì kún inú àpótí. Ohun tó fà á ni pé lẹ́yìn tírélà tó ń sáré, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń fa tinú àpótí jáde, eruku a wá gba ihòkíhò wọlé láti dípò rẹ̀. Wọ́n máa ń dá ihò kékeré kan sí iwájú àpótí, lókè, wọ́n á fi fóòmù ìsẹ́ afẹ́fẹ́ bò ó. Afẹ́fẹ́ mímọ́ á máa rọ́ wọlé níbẹ̀, á sì máa ti eruku sóde láti inú.

Ẹrù dídì ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Ohun wíwúwo máa ń wà láàárín, díẹ̀ síwájú ákísù, kí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gbogbo ìwọ̀n lè bà lé bọ́ọ̀lù: kílò 60 fún tírélà tó jẹ́ 600. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo tó gbé e wò, bí wọ́n bá gbé orí tírélà lé e. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á máa ju ìdí bí ìrù ajá ní eré tó pọ̀ díẹ̀. Wọn kì í tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì nígbà náà. Ńṣe ni wọ́n ń yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí wọ́n á di sitiarí mú gbọọrọ.

Ìrìn àkọ́kọ́ kì í jìnnà. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 20, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì: èyí tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró lára rẹ̀, wọ́n dè é le jù tàbí gíríìsì rẹ̀ kò tó. Ní bíi 50, kí sípánà tún kan nọ́ọ̀tì táyà àti bóòtù tó di sípíríǹgì mọ́ ákísù, torí ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà máa ń tẹ̀ wọlé, ìdè á sì dẹ̀.