Láti ìwé akọ̀wé dé orí bed space: bí dátábéèsì onítábìlì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ká ní ìwé ńlá kan wà ní dípátímẹ́ǹtì kan ní yunifásítì, tí akọ̀wé ń kọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mátíríìkì, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kóòdù kọ́ọ̀sì, àkọlé kọ́ọ̀sì àti orúkọ olùkọ́. Adéọlá gba kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni orúkọ àti fóònù rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ síìmù, ibi mẹ́jọ ni akọ̀wé máa tún ṣe. Bó bá tún méje ṣe tó gbàgbé ìkẹjọ, ìwé ti di elẹ́nu méjì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Wàhálà méjì mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò tètè hàn. Kọ́ọ̀sì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà kò rí ibi dúró sí, torí ìlà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìwé náà mọ̀. Bó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló gba kọ́ọ̀sì kan, tó wá lóun ò ṣe mọ́, tí wọ́n pa ìlà rẹ̀ rẹ́, àkọlé kọ́ọ̀sì náà àti orúkọ olùkọ́ rẹ̀ bá a lọ.

Ibí gan-an ni ẹ̀kọ́ dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí létòlétò, ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ bá. Wọ́n á tú ìwé náà palẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè wà lójú kan ṣoṣo. Tábìlì mẹ́ta ló máa jáde:

AKẸ́KỌ̀Ọ́ (mátíríìkì, orúkọ, fóònù)
KỌ́Ọ̀SÌ (kóòdù, àkọlé, olùkọ́)
ÌFORÚKỌSÍLẸ̀ (mátíríìkì, kóòdù, máàkì)

Adéọlá ṣì ní ìlà mẹ́jọ nínú tábìlì kẹta, àmọ́ kò sí orúkọ tàbí fóònù níbẹ̀ mọ́. Mátíríìkì rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń tọ́ka sí i. Mátíríìkì yìí ni primary key, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, nínú tábìlì àkọ́kọ́: ìlà méjì kò gbọ́dọ̀ jọ ní in. Kí ló dé tí wọn ò lo orúkọ? Ẹ ka iye Táíwò tó wà ní kíláàsì akẹ́kọ̀ọ́ 300 nílẹ̀ Yorùbá ná, kẹ́ ẹ tó béèrè.

Bí mátíríìkì bá ti bọ́ sínú tábìlì ìforúkọsílẹ̀, foreign key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́ka sí tábìlì mìíràn, ló dà níbẹ̀, dátábéèsì á sì máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò sí nínú tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba kọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni kò sì lè pa Adéọlá rẹ́ nígbà tí máàkì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àfi bí ẹni tó ṣe tábìlì bá dìídì pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ máa bá a lọ.

Normal form, àwọn òfin bí a ṣe ń pín tábìlì, ló máa ń dẹ́rù bani jù nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́? Máàkì rọ̀ mọ́ mátíríìkì àti kóòdù pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá kúrò, kò nítumọ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Àkọlé kọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, kóòdù nìkan ló rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi àkọlé sínú tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ti ba second normal form jẹ́, torí apá kan kọ́kọ́rọ́ ni àkọlé ń tẹ̀ lé. Ká wá ní a fi yàrá ọ́fíìsì olùkọ́ kún tábìlì kọ́ọ̀sì. Yàrá rọ̀ mọ́ olùkọ́, olùkọ́ ló wá rọ̀ mọ́ kóòdù. Ọ̀rọ̀ ti yà nílé ẹlòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Third normal form ò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní tábìlì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń bi òpó (column) kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì ní ìbéèrè yìí kò nílò àkọ́sórí.

Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, ní San Jose lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé èrò tábìlì yìí jáde lóṣù kẹfà ọdún 1970. Ṣáájú ìgbà yẹn, dátábéèsì bí IMS ti IBM dà bí igi. Ẹni tó ń wá nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ka tó máa gbà débẹ̀, bí wọ́n bá sì tún igi náà tò, gbogbo prógíráàmù tó ti ń gùn ún á ṣìnà. Codd ní kí èèyàn sáà sọ ohun tó ń fẹ́, kí ẹ̀rọ wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. IMS ń pawó wọlé, IBM ò sì kánjú. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ṣe èdè tó wá di SQL ní 1974 lábẹ́ òrùlé IBM. Síbẹ̀ ilé iṣẹ́ kékeré kan tó di Oracle lónìí ló kọ́kọ́ gbé ọjà tó ń lo SQL jáde, ní 1979. Ti IBM dé ní 1981.

Bí a bá fẹ́ orúkọ àti máàkì àwọn tó gba CSC 305, báyìí la ṣe máa kọ ọ́:

SELECT a.oruko, i.maaki
FROM akekoo a
JOIN iforukosile i ON i.matiriiki = a.matiriiki
WHERE i.koodu = 'CSC 305';

SELECT ló ṣáájú lójú ìwé, àmọ́ FROM àti JOIN ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà WHERE, kí ẹ tó padà sókè. Ẹni tó bá gbàgbé láti so tábìlì méjèèjì pọ̀, tí kò sì kọ WHERE, yóò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ 300 ti gbé ìforúkọsílẹ̀ 2,400 (mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan) níyàwó láìku ẹnì kan: ìlà 720,000 ló máa jáde. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ máa gbà, bóyá yóò ka tábìlì láti òkè délẹ̀ ni o, bóyá index, atọ́ka bí èyí tó ń wà lẹ́yìn ìwé, ló máa lò, iṣẹ́ optimizer nìyẹn, apá dátábéèsì tó ń yan ọ̀nà.

NULL tún ni ọ̀tá akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni wọ́n ń fi síbi tí máàkì kò tíì sí, kì í sì í ṣe òdo. Ẹni tó gba òdo jókòó ṣe ìdánwò. Bí a bá kọ WHERE maaki = NULL, ìlà kankan ò ní jáde, torí dátábéèsì kò lè jẹ́rìí pé nǹkan kan dọ́gba pẹ̀lú ohun tí òun kò mọ̀. IS NULL ni wọ́n ń kọ.

Ó wá ku alẹ́ tí wọ́n bá ṣí bed space họ́sítẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹgbàágbèje èèyàn ń tẹ ojú ibì kan náà. Iṣẹ́ méjì ni dátábéèsì ní láti ṣe: kó yọ owó kúrò nínú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́, kó sì kọ mátíríìkì rẹ̀ sí ibùsùn. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, owó ti lọ, ibùsùn ò sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń di méjèèjì pọ̀ sínú transaction kan, láti BEGIN (ìbẹ̀rẹ̀) dé COMMIT (àṣẹ pé kó fìdí múlẹ̀), kí méjèèjì jọ yọrí tàbí kí ọ̀kankan má ṣe yọrí. Kí dátábéèsì tó sọ pé COMMIT ti yọrí, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, lórí dísíìkì. Bí iná bá padà dé, log yẹn ló máa kà. Èyí tó bá rí COMMIT rẹ̀, yóò parí rẹ̀. Èyí tí kò bá rí, yóò ṣe é bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ká wá ní ibùsùn kan ṣoṣo ló kù, tí Adéọlá àti Táíwò jọ rí i pé ó ṣófo. Bí kò bá sí ohun tó ń dá wọn dúró, àwọn méjèèjì á sanwó, ẹni tó kọ kẹ́yìn á sì kọ orúkọ tirẹ̀ bo ti èkejì mọ́lẹ̀. SELECT tí wọ́n bá fi FOR UPDATE sí ní ìparí ló ń dènà èyí. Adéọlá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ti di ìlà ibùsùn náà mú, ojú ewé Táíwò sì ń yí lórí fóònù rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Bí Adéọlá bá ti ṣe COMMIT, dátábéèsì á tú ìlà náà sílẹ̀, á sì tún un kà fún Táíwò. Mátíríìkì Adéọlá ni Táíwò máa bá níbẹ̀, owó Táíwò á sì wà lódindi.