Akú ni wọ́n ń pè wá: ibi tí àkọtọ́ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi a-b-d kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọn yóò dárúkọ. Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, ló wà lọ́kàn wọn. Lóòótọ́, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìyẹn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ọmọ Yorùbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lórí àtẹ. Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni wọ́n ti gbin àkọtọ́ wa, ìlànà tí a fi ń kọ èdè wa sílẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ló sì bomi rin ín títí ó fi so.

Kí a tó wọ ọkọ̀ lọ sí Sàró, ó yẹ kí a wo ohun tó wà nílé. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí wa a máa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ànjẹ́mí ni à ń pè é, Ìlọrin sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wàláà tí ọmọ ilé-kéwú ń kọ̀wé sí, tàdáwà tó fi ń kọ ọ́ àti kàlámù tó mú lọ́wọ́, ọ̀nà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni gbogbo wọn gbà wọ èdè wa. Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀, inú ìwé Lárúbáwá ni a ti kọ́kọ́ rí i: Ahmad Baba ti ìlú Timbuktu dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1615 lórí ẹni tó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ láti kó lẹ́rú. Ibi tí ànjẹ́mí ti kọsẹ̀ ni fáwẹ́lì. Àmì mẹ́ta péré ni Lárúbáwá ní fún fáwẹ́lì kúkúrú, méje ni Yorùbá ní láìka àránmúpè, àwọn fáwẹ́lì tó ń gba imú jáde, mọ́ ọn. E, ẹ àti i á wá máa du àmì kan. O, ọ àti u á máa du òmíràn. Oko, ọkọ àti òkú á jọra bí ìbejì. Kò sí p, kò sí gb. Ẹni tó kọ ọ́ á rí i kà, ẹni tó mọ orin náà tẹ́lẹ̀ á rí i kà, àjèjì sì lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àrokò tún wà, mo sì gbà pé a kò tíì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ìtàn yìí. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni ó fi rán, ohun tí olùgbà yóò sì gbọ́ ni fà: mo fà mọ́ ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, jọ ni yóò gbọ́: a jọ ṣe é, a jọ mọ̀ ọ́n. Ẹ kíyè sí i pé àwòrán owó kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìró ni. Ẹni tó lè fi òǹkà ṣe ìró ti dé ẹnu ọ̀nà ìwé kíkọ, ohun tó kù ni kí ó wọlé. Àní ọ̀rọ̀ tí a yàn fún iṣẹ́ náà ń sọ nǹkan. À ń kọ ilà sójú, à ń kọ ebè lóko, a wá ń kọ ìwé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí a fi ohun ẹnu mímú la ojú nǹkan tó tẹ́jú kí ipa rẹ̀ má parẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó wá ọ̀rọ̀ àyálò fún kọ nígbà tí pẹ́ńsù òyìnbó dé. Ó wúni lórí pé Gollmer, òyìnbó CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tó gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, wà lára àwọn tó kọ̀wé lórí àrokò fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885.

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ fi lẹ́tà tiwọn kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà. Bowdich tẹ òǹkà Yorùbá sínú ìwé tó kọ lórí ilẹ̀ Àṣántì ní 1819. Clapperton náà ṣa àkójọ kékeré nígbà ìrìnàjò rẹ̀, ó jáde ní 1829. N kò ní pẹ́ lórí wọn; arìnrìnàjò ń gbọ́, ó ń kọ, ó ń kọjá lọ.

Freetown yàtọ̀. Lẹ́yìn òfin 1807 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá ọkọ̀ akẹ́rú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sọ̀ sí Sàró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó, tí ogun Òwu àti ti Ẹ̀gbá sì gbalẹ̀, àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, gbogbo wọn bá ara wọn lójú pópó kan náà. Nílé, kò sí ẹni tó fi orúkọ kan pè wọ́n. Àwọn ará Freetown ni wọ́n gbọ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ títí tó fi ṣú, wọ́n ń kíra wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Wọ́n bá sọ wọ́n ní Akú. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí John Raban ti CMS tẹ̀ láti 1830 títí dé 1832, “Eyo tàbí Aku” ni wọ́n kọ sí èèpo rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Eyo yẹn.

Ṣáájú Raban, obìnrin kan tí a kì í sábà dárúkọ ti ṣí ọ̀nà. Hannah Kilham, ọmọ ìjọ Quaker, wo ilé-ẹ̀kọ́ Sàró, ó rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, àwọn ọmọ sì ń ka àkàsórí ohun tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí a gba inú èdè abínibí ọmọ dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Ó kó ọ̀rọ̀ bí ọgbọ̀n èdè jọ sínú ìwé kan ní 1828, tiwa wà nínú rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ yìí ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí obìnrin yìí ti rí.

Àjàyí wá wọlé. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní Freetown, oṣù mẹ́fà ló fi mọ ìwé kà. Ní 1827 ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, orúkọ rẹ̀ sì ti di Samuel Crowther. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kan náà ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìṣòro wà gan-an, ẹ bá mi ká lọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 1844. Ọjọ́ yẹn ni Crowther wàásù ní Yorùbá ní Freetown, Lúùkù 1:35 ló mú. Àwọn Akú fi ohùn kan dáhùn, Crowther sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìròyìn rẹ̀ báyìí: Ke oh sheh. Kí ó ṣẹ ni. Ẹ wo Ke: ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi e pe i. Ẹ wo oh: h kan jókòó síbẹ̀, kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ wá wo sheh: lẹ́tà mẹ́rin fún ìró méjì. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni ohùn. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, ẹni tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà lè kà á sí kí ó ṣẹ́, bí ìgbà tí igi ń ṣẹ́. Àdúrà á di èpè.

Ohun tó tún àkọtọ́ wa ṣe kò ju kí a wo irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Henry Venn, akọ̀wé CMS, tẹ ìlànà kan jáde ní 1848: kọ́ńsónáǹtì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ́lì bíi ti Ítálì, ìró kan fún lẹ́tà kan. Àwọn kan fẹ́ gbé gbogbo ògo fún Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí Venn bá gbìmọ̀. Ìwé Lepsius, 1854 ló jáde. Gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí Crowther tún ṣe ti wà nílẹ̀ láti 1852. Nínú ìlànà Lepsius, fìlà ni s máa ń dé tó bá ń ṣe iṣẹ́ ṣ. Tiwa, abẹ́ ló ti ń gba àmì.

Etí Akú ló mọ ìdí tí abẹ́ fi dára. Òkè fáwẹ́lì, ohùn ló ni ín: àmì òkè fún ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àmì ìsàlẹ̀ fún ọkọ̀ tí a ń wọ̀, kí òkè sófo fún ọkọ ìyàwó. Bí a bá lọ gbé àmì ẹ àti ọ náà sókè, àmì á gun àmì. Wọ́n ju ìyẹn sábẹ́, òkè ṣí sílẹ̀. P náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìró tí à ń pè nínú pa kì í ṣe p Gẹ̀ẹ́sì. Ètè méjèèjì àti ẹ̀yìn ahọ́n ló ń pàdé tí wọ́n sì ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí èdè wa kò ní p mìíràn tí yóò bá a du ipò, lẹ́tà kan tó o. Gb kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí b wà: bà yàtọ̀ sí gbà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà méjì. Àránmúpè, n ẹ̀yìn fáwẹ́lì ló ń fi í hàn. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe jù. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn ni à ń kọ: ìbọn, fọn, gbọ́n, pọ́n, wọ́n. Lẹ́yìn àwọn tó kù, an ni: tán, kan, rán. Ẹni tó kọ gbán kò kúkú ṣì í gbọ́, ìró kan náà ló gbọ́. Ètè tó ṣù jọ níwájú ló sọ ọ́ di ọn. Lẹ́yìn m àti n ẹ̀wẹ̀, a kì í fi n mìíràn kún un, imú ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ọmọ, iná, mú.

Crowther mọ̀ pé Yorùbá ẹnu òun, ti ọmọdé tó kúrò nílé láìtíì dàgbà ni, tí Freetown sì ti pò pọ̀. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tó ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó jókòó ti àwọn àgbà. Ìdí nìyẹn tí òwe fi kún inú ìwé 1852 náà fọ́fọ́: ọ̀rọ̀ tí kò bá rí òwe gbé e lẹ́sẹ̀, kò tíì dá a lójú. Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ èdè tó kọ, ṣùgbọ́n etí Ẹ̀gbá ló fi dán an wò. Thomas King, tí òun náà ti Sàró bọ̀, bá a túmọ̀ Bíbélì. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ní 1862 iná jó ilé Crowther ní Èkó. Ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti ń kó jọ láti ìgbà tí ìwé 1852 ti jáde bá a lọ. Kò sí àdánù tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìwádìí èdè wa.

Bowen, ará Amẹ́ríkà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, tẹ gírámà àti atúmọ̀-èdè tirẹ̀ ní 1858. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ Crowther ló kọ́ ọ lé.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1875, àwọn ìjọ pàdé ní Èkó, Crowther tó ti di bíṣọ́ọ̀bù ló darí ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò lórí àkọtọ́ kan. Bíbélì odindi jáde ní 1884. Àkọtọ́ yẹn ni àwọn bàbá wa fi kọ aiye, enia, nwọn, ãnu. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ ní 1965. Ìgbìmọ̀ jókòó ní 1966, àbọ̀ wọn jáde ní 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní 1974: ayé, ènìyàn, wọ́n, àánú. Offa àti Oshogbo ṣì wà lára pátákó ojú ọ̀nà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni àwọn ará wa ń kọ, wọ́n ń kọ kp fún p wa, sh fún ṣ.

Orí kọ̀ǹpútà, ṣ ní kóòdù tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, kí ó ṣẹ kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́. Kóòdù ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, a ó wá tẹ kóòdù àmì òkè lé e. Bí fọ́ńtì kò bá mọ bí èkejì ṣe ń gun èkíní, àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó já bọ́ pátápátá. Ṣẹ́ á sì padà di ṣẹ, bó ti rí gan-an ní Freetown ní 1844.