Jàǹbá Kẹ̀kẹ́ Lè Pọ̀ Sí I Kí Ewu Rẹ̀ sì Dín Kù

Ìlú ńlá yòówù tí àwọn èèyàn bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere sí i, ìròyìn kan kì í pẹ́ jáde níbẹ̀: jàǹbá kẹ̀kẹ́ ọdún yìí ju ti èṣí lọ. Kíá, a ó ti rí ẹni tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ti di ewu, kí wọ́n lé wọn kúrò lójú títì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí èèyàn nínú, torí pé jàǹbá ni wọ́n kà, wọn ò ka kẹ̀kẹ́.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń fọ àwo mẹ́wàá lójúmọ́, tí ọ̀kan sì ń fọ́ lóṣù. Àlejò ya dé, àwo di ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, mẹ́ta sì fọ́ lóṣù yẹn. Ẹni tó bá ka àfọ́kù nìkan á ní ọwọ́ àwọn tó ń fọ àwo ti le jù. Ẹni tó bá ka àwo mọ́ ọn á rí i pé ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2003, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Peter Jacobsen, kó àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi ìlú àti orílẹ̀-èdè jọ. Nínú ìṣirò rẹ̀, bí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 péré ni jàǹbá fi ń lé sí i. Ìyẹn ni pé ewu orí oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rọlẹ̀.

Oríta la ti lè rí ìdí rẹ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ yà, ohun tó ti máa ń pàdé níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wá. Bó bá jẹ́ mọ́tò nìkan ló ń pàdé, kẹ̀kẹ́ lè wà níwájú rẹ̀ gbangba kó má rí i, á sì ya lù ú. Àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ bá ń kọjá lójoojúmọ́, ojú ti mọ̀ ọ́n wá nìyẹn: á wo dígí ẹ̀gbẹ́, á dúró díẹ̀ kó tó yí sítíárìn. Nítorí náà, ìlú tó bá lé àwọn oníkẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì, àwọn díẹ̀ tó kù ló sọ sínú ewu.

Ṣùgbọ́n kí oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ nìkan kò tó. Ní Netherlands lọ́dún 1971, nǹkan bí 3,300 èèyàn ló kú lójú pópó, àwọn ọmọdé tó wà nínú wọn lé ní 400. Àwọn òbí fárígá. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń dín eré mọ́tò kù ládùúgbò. Ọ̀nà tó dára ń pe èrò, èrò náà sì ń mú kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe.

Bí mọ́tò ò bá gbá kẹ̀kẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, irú jàǹbá tó ṣẹ́ kù á yàtọ̀: ẹni tó dá ṣubú, àgbàlagbà tí kẹ̀kẹ́ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Irú èyí kì í sábà dé ìwé ọlọ́pàá. Ẹni tó kó sí kòtò, tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé, bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ kán, ilé ìwòsàn nìkan ló máa mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ti ilé ìwòsàn mọ́ ti ọlọ́pàá fi máa ń rí i tí iye jàǹbá rẹ̀ fò sókè lójijì, nígbà tí ohunkóhun ò yí padà lójú títì.