Ìgbà Wo Ni Ọmọ Iṣẹ́ Télọ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Rówó?

Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀, iye ọdún tí ọmọ yóò lò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀rọ̀ owó kì í sábà jáde bó ṣe yẹ. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù lọ́dọ̀ wa. Òbí ló ń san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ á sì fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta sìn lé e.

Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe àdéhùn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti ń wá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé bí ọmọ bá ti kọjá ọdún 12 tí kò tíì pé 16, inú ìwé ni àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọdún, iye owó, ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ, àti ohun tí ọ̀gá yóò gbà lọ́jọ́ fírídọ̀mù.

Ilẹ̀ gbígbá, aṣọ lílọ̀ àti bọ́tìnnì ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ òwú kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n á ki pépà tí wọ́n ti fa ìlà sí sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọmọ á máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á máa dá ihò lu orí ìlà. Bí ihò bá yà, wọ́n á tún ki pépà mìíràn. Gígé ló kàn, pépà àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ, kí aṣọ oníbàárà má baà bàjẹ́. Gígé yìí lowó wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán tí kò mọ̀ ọ́n gé, abẹ́ ẹlòmíì ni yóò máa wà.

Ní gbogbo àkókò yìí, owó oúnjẹ àti ohun tí oníbàárà bá fi ta á lọ́rẹ nígbà Iléyá tàbí Kérésì ni ọmọ ń rí. Tí ọjọ́ bá pé, ọ̀gá á gbàdúrà, á gbé síṣọ́ọ̀sì àti tépù lé e lọ́wọ́, á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹbí tó náwó rẹpẹtẹ sórí àsè fírídọ̀mù, tí ọmọ kò sì ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti máa dá àjọ ẹ̀rọ láti ọdún àkọ́kọ́.

Ẹni tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù lè máa ránṣọ fún ọ̀gá, kó máa gba owó iye aṣọ tó bá rán. Ó tún lè ṣe ìdánwò Trade Test tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, nítorí iléeṣẹ́ lè bèèrè ìwé rẹ̀. Bó bá dá dúró, kó yọ òwú, sípù, owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú owó ìránṣọ kó tó pe ìyókù ní èrè.

Kò sí ẹni tó ń bá télọ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́. Ìdí nìyí tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, fi dá ètò kan sílẹ̀ ní 2019 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n pín owó tí èèyàn bá dá sí méjì: 40% ló lè gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, irú bí kí ẹ̀rọ bàjẹ́; 60% ìyókù ń dúró de ọjọ́ tí ojú kò bá ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.