AD, BC, CE, AH: àwọn lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ọdún yẹn, kí ni wọ́n ń sọ?

Ẹ wo kàlẹ́ńdà táwọn ilé kéú n'Ílọrin máa ń tẹ̀, ọdún méjì lẹ máa bá lórí ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ هـ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọdún Hijira ni, òun náà ni AH táwọn òyìnbó ń kọ, èyí tó ní م sì ni ti òyìnbó. AH yẹn, Látìn ni, Anno Hegirae, láti ìgbà tí Ànábì Muhammad (SAW) ti kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ni wọ́n ti ń kà á, ìyẹn 622 AD. Àmọ́ kẹ́ ẹ má kàn yọ 622 kúrò kẹ́ ẹ ní ó parí o, torí oṣù ojú ọ̀run ni Hijira ń tẹ̀ lé, ọjọ́ 354 tàbí 355 lọdún ẹ̀, ó fi bí ọjọ́ 11 dín sí ti òyìnbó, òun ló jẹ́ kí ààwẹ̀ máa bọ́ sígbà òjò nígbà míì, kó tún bọ́ sígbà ọyẹ́. Oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ 622, 1345 lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé 1387 AH ni.

AD wá ńkọ́? Àwọn kan ní "After Death" ni, irọ́ ni jàre. Tí BC, ìyẹn àwọn ọdún tó ṣáájú Jésù, bá parí nígbà tí wọ́n bí i, tí AD wá dúró dìgbà tó kú, gbogbo ọdún tó lò láyé, ibo la fẹ́ kó o sí? Látìn lòun náà, Anno Domini, ọdún Olúwa, látìgbà ìbí ẹ̀ ni. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kristẹni kan (monk), Dionysius Exiguus, ló gbé e kalẹ̀ ní 525, kò sì sí ọdún òdo níbẹ̀, 1 BC ló kángun sí AD 1 tààrà. BC, Before Christ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kà á lọ, 500 BC pẹ́ ju 200 BC.

CE àti BCE ò le rárá, Common Era àti Before Common Era ni, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú AD àti BC, wọ́n kàn yọ orúkọ Jésù kúrò kí ẹlẹ́sìn míì náà lè lò ó láìjanpata.

Ó ku c. kékeré, bíi c. 1100 AD tẹ́ ẹ lè rí níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Circa ni, ìyẹn ni pé wọ́n fojú bù ú ni, torí àwọn tó gbẹ́ ère yẹn ò kọ ọdún kankan sílẹ̀ fún wa.