Ajùgbá ni, kì í ṣe “ọ́ọ̀lù-ráńdà”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń sọ ìtàn Imran Khan, ọmọ Pakísítánì tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí, lórí rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ní “ọ́ọ̀lù-ráńdà” ni ọkùnrin náà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? “All-rounder” Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ pè, àmọ́ kò jọ Gẹ̀ẹ́sì, kò jọ Yorùbá. Ẹnìkejì rẹ̀ ní kóun tún un ṣe, ó wá bà á jẹ́ pátápátá: ó ní “amọ̀ṣẹ́-gbogbo”. Gbogbo kí ni? Iṣẹ́ méjì péré là ń wí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì: kéèyàn ju bọ́ọ̀lù, kó sì gbá a. Ẹni tó já fáfá nínú méjèèjì, ajùgbá ni mo pè é, n kò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá kan ní àwọn èèyàn yóò rò pé igbá là ń jù káàkiri. Ẹ gbọ́ o! Bó bá jẹ́ igbá ni, ajugbá là bá pè é, ohùn ìsàlẹ̀ orí “jù” ì bá ti gòkè. Ṣé èmi ló yẹ kí n máa kọ́ olùkọ́ níyẹn? “Agbájù” tí òun mú wá ńkọ́? Ẹni tó ń gbá a ju bó ṣe yẹ lọ ni gbogbo wa máa gbọ́.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹni tó lè jù, tó lè gbá, ló jẹ́ ajùgbá. Ẹ wo ìyá alámàlà kan ní Tákíe. Àwọn kan á gbé abọ́ wá ra gbẹ̀gìrì nìkan, wọ́n ti ro àmàlà sílé. Àwọn mìíràn á ra àmàlà nìkan, ọbẹ̀ wà nílé wọn. Bó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ lónìí, èkejì á ṣì máa kó èrò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajùgbá: jíjù nìkan tàbí gbígbá nìkan tó láti gbé e wọ ikọ̀. Ẹni tó kàn ń bu gbẹ̀gìrì ṣíṣàn lé àmàlà kó má baà gbẹ, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Bóyá sísáré ni ajùgbá ń sáré ju bọ́ọ̀lù o, bóyá ọwọ́ ló fi ń yí i o, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Orúkọ náà yẹ Khan. Láti 1971 tó kọ́kọ́ ṣojú Pakísítánì, ìdíje Test (ìfagagbága ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì) 88 ló kópa nínú rẹ̀: ó kó àmì 3,807 jọ, ó sì lé agbábọ́ọ̀lù 362 kúrò nídìí igi, ìyẹn igi mẹ́ta tí agbábọ́ọ̀lù ń dáàbò bò. Ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1992 ní Melbourne, òun ni balógun ikọ̀. Àmì 72 tó gbá ni ẹnikẹ́ni ò gbá jù lọ́jọ́ náà, òun náà ló tún ju bọ́ọ̀lù tó lé ará Íńgíláǹdì tó kẹ́yìn jáde.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa wá ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó kọ́ sí Lahore, tó ṣí ní 1994, wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ́ọ̀lù-ráńdà, àti ẹgbẹ́ òṣèlú PTI tó dá sílẹ̀ ní 1996, àti ipò olórí ìjọba tó dé ní 2018. Rárá o. Jẹjẹrẹ ló pa ìyá rẹ̀, Shaukat Khanum. Ọkùnrin náà tọrọ owó kiri kó tó rí ilé ìwòsàn kọ́ ní orúkọ ìyá náà. Ta ló ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀? Ìbò làwọn aṣòfin sì fi yọ ọ́ lóṣù kẹrin 2022, igi kankan ò ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ fún apá yẹn, kó lọ wá tiẹ̀. Ajùgbá ti parí ní 1992 tó fi pápá sílẹ̀.